Ẹ̀dọ̀ Ẹja àti Ẹwà Ojú

Ojú kì í rí arẹwà kí ó má kí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, wọn kò sì parọ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ènìyàn ti ń ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ìyá wa kun osùn, wọ́n fi òrí pa ara ọmọ tuntun kí awọ rẹ̀ lè máa dán, wọ́n lé tìróò, wọ́n sì lé làálì. Àwọn ọba wa fi iyùn sọ́rùn. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ bá wọn wí pé wọ́n dẹ́ṣẹ̀. Nítorí náà, ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ fún ọ pé ohun búburú ni ẹwà, tàbí pé agbéraga ni ẹni tí ó bá ń tọ́jú awọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò le ju èyí lọ. Òun nìyí: nígbà tí ènìyàn bá ń wá ẹwà, níbo ni ó yẹ kí ó ti dúró? Ǹjẹ́ gbogbo ohun tí ọwọ́ wa bá lè tó ni ó tọ́ kí a mú, kí a sì fi pa ojú wa?

Òkun ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwa àti òkun ti jọ ń ṣe òwò ọ̀ṣọ́. Inú òkun ni iyùn ti ń wá. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná, tí wọ́n sì tún rán mọ́ aṣọ àti fìlà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ti inú àwọn erékùṣù Maldives wá, ní àárín Òkun Índíà, kí àwọn oníṣòwò tó fi ọkọ̀ kó o dé etíkun wa. Fi orúkọ erékùṣù wọ̀nyí sí ọkàn, nítorí a óò tún padà dé ibẹ̀.

Lóde òní, kì í ṣe ohun tí a ó so mọ́ ọrùn nìkan ni a ń wá lọ sínú òkun. Ohun tí a ó fi pa ojú ni a ń wá, pàápàá jù lọ ìpara tí àwọn tí ń tà á sọ pé yóò dá ogbó dúró. Wọ́n ń fa omi inú koríko òkun yọ. Wọ́n ń se awọ àti ìpẹ́ ẹja láti rí èròjà kan tí a ń pè ní kọ́lájìn. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí a bù láti inú òkun, ni wọ́n ń sìn nínú àgbá ńlá ní ilé iṣẹ́, kí wọ́n lè máa pèsè ohun tí ń mú awọ ara rọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èròjà wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí ìtàn rẹ̀ lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Orúkọ rẹ̀ ni squalene.

Ẹja ńlá kan wà nínú òkun tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn, tí a ń pè ní àkurákudà. Irú rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ń rìn ní òkè omi, àwọn mìíràn sì ń gbé nínú ibú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò dé. Ọ̀pọ̀ ẹja ni ó ní àpò afẹ́fẹ́ nínú ara, tí kì í jẹ́ kí wọ́n rì. Àkurákudà kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni a fi rọ́pò rẹ̀ fún un. Ẹ̀dọ̀ àkurákudà inú ibú lè tóbi tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n gbogbo ara rẹ̀, epo sì kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Òun ni ó ń gbé ẹja náà ró nínú òkùnkùn ibú. Ní 1906, ọmọ ilẹ̀ Japan kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mitsumaru Tsujimoto, ẹni tí ó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì, rí èròjà kan nínú epo yìí. Ní 1916 ó sọ ọ́ ní squalene, láti inú Squalus, orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ìdílé kan nínú àwọn ẹja náà.

Ohun ìyanu ni pé ara ìwọ pàápàá ń pèsè èròjà yìí. Ó wà nínú ọ̀rá tí ń sun jáde sí ojú awọ wa. Bí ọjọ́ orí bá sì ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín kù, tí awọ sì ń gbẹ. Nígbà tí àwọn tí ń ṣe ìpara mọ èyí, wọ́n gba inú ẹ̀dọ̀ ẹja lọ wá ohun tí ó dín kù lára ènìyàn. Wọ́n fi háídírójìn kún un kí ó má baà tètè bàjẹ́, orúkọ rẹ̀ sì yí padà díẹ̀, ó di squalane. Kò ní òórùn, kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kì í sì í jẹ́ kí omi ara tètè gbẹ. Ohun rere ni. Bí a bá ń wo ìgò kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ lórí àtẹ, kò sí ohun tí yóò mú ọkàn ẹni lọ sí ibú òkun rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. A fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 3,000 àkurákudà ni ó ń kú kí squalene tó tó tọ́ọ̀nù kan. Bí ó bá ṣe pé ẹja wọ̀nyí ń bí bí àrọ̀ inú odò wa ti ń bí ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má le tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé àrọ̀ kan ṣoṣo lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Àkurákudà inú ibú kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tí kì í bí ju ọmọ kan tàbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí oyún wọn sì ń pẹ́ tó ọdún méjì. Abo wọn sì lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Ẹni tí ó bá pa irú ẹja bẹ́ẹ̀ lónìí, ohun tí yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rọ́pò ni ó pa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Maldives, ibi tí owó ẹyọ wa ti wá. Ní nǹkan bí 1980 ni àwọn apẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pa àkurákudà inú ibú nítorí epo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tí a ń kó lọ sí ilẹ̀ Japan. Láàárín ọdún díẹ̀, òwò náà gbèrú títí ó fi dé góńgó. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé àwọn olùrà lọ, bí kò ṣe nítorí pé ẹja náà di ọ̀wọ́n. Nígbà tí ìjọba erékùṣù náà fi òfin de pípa àkurákudà ní 2010, ó ti pẹ́ tí ti inú ibú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti ọdún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ọkọ̀ ìpẹja tiwọn náà lọ́wọ́ kò, kí wọ́n má ṣe dìídì lọ dọdẹ ẹja wọ̀nyí mọ́.

Bóyá ìwọ yóò wí pé, “Àwa náà ń jẹ ẹja. Àwọn ará Ìlàjẹ àti àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ń da àwọ̀n sí omi lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ìkà. Kí ni ó wá dé tí ẹja tí a fi ṣe ọbẹ̀ kò fi jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí èyí tí a fi ṣe ìpara wá di ẹ̀ṣẹ̀?” Ìbéèrè tí ó dára ni, kò sì yẹ kí a fi ìbínú dá a lóhùn. Mo rò pé ohun méjì ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni ìwọ̀n àìní. Oúnjẹ ni ẹja nínú ọbẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹun yóò kú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kú rí nítorí pé ojú rẹ̀ hunjọ. Èkejì ni bóyá ohun tí a mú lè rọ́pò ara rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá gé ẹ̀fọ́ lórí, tí ó fi gbòǹgbò sílẹ̀, yóò tún rí òmíràn gé. Ẹni tí ó bá fà á tu ti jẹ èyí tí ọ̀la jẹ mọ́ tòní. Bí àìní bá sì tóbi tó báwo, a kò lè tìtorí rẹ̀ gbàgbé ìbéèrè kejì yìí.

Ìtàn kan tún wà tí ó fi èyí hàn. Ní etíkun California, ní bí ọdún díẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì àti nígbà ogun náà, àwọn apẹja dojú kọ irú àkurákudà kan, nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kún fún fítámì A, ogun sì ti dí ọ̀nà tí epo ẹ̀dọ̀ ẹja ń gbà wá láti Yúróòpù. Fítámì A ń dáàbò bo ojú ènìyàn. Ọmọ tí kò bá rí i tó lè má ríran lálẹ́. Àìní gidi ni èyí, kì í ṣe ti ọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, ẹja náà dín kù gidigidi láàárín ọdún díẹ̀. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ wá mọ bí a ṣe ń ṣe fítámì náà ní ilé iṣẹ́, lẹ́yìn ogun, ni òwò náà kú. Ṣé ìwọ náà rí i? Ìrònú ènìyàn ni ó yọ ẹja àti ọmọdé nínú ewu lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa pé kí a tó pa ohun tí kò lè tètè rọ́pò ara rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Ní ti squalane, ọ̀nà mìíràn wà. A ń rí i láti inú èso igi ólífì. A tún ń rí i láti inú ìrèké: ní ilẹ̀ Brazil, a ń lo ìwúkàrà tí àwọn onímọ̀ kọ́, irú èyí tí ń mú kí búrẹ́dì wú, láti jẹ ṣúgà ìrèké kí ó sì sọ ọ́ di òróró kan tí a ń yí padà di squalane. Ilé iṣẹ́ tí a kọ́ fún irú òróró bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Brotas ní 2012. Èyí tí ó ti inú ìrèké wá àti èyí tí ó ti inú ẹ̀dọ̀ wá, ohun kan náà ni wọ́n. Awọ ara kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ní 2008 ni Unilever àti L'Oréal, tí wọ́n jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, ti kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú squalene ti àkurákudà. Nítorí náà, àwáwí tí a lè fi gbe ẹja pípa lẹ́sẹ̀ ti bọ́. Ohun tí ó kù kò ju pé ti ẹja lè rọ̀ lọ́jà ju ti èso lọ. Bí ó bá sì ṣe pé owó kékeré tí a fẹ́ fi pamọ́ ni a ó fi gba ẹ̀mí ẹja tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, ọjà náà kò rọ̀ rárá. Ẹlòmíràn ni a kàn fi gbèsè rẹ̀ sí lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé nítorí pé ìrèké kì í ṣe ẹja, ọwọ́ wa ti mọ́ tán. Oko ìrèké ní ìtàn tirẹ̀. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil kan náà yìí, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú, tí a ń pè ní Nàgó, ṣe làálàá nínú oko bẹ́ẹ̀, kí tíì àwọn ẹlòmíràn lè dùn. Ohun tí mo fẹ́ kí o fà yọ níbẹ̀ ni pé ìbéèrè nípa ẹni tí ó jìyà kí ohun rere tó dé ọwọ́ wa kì í tán nígbà tí a bá pààrọ̀ ohun kan fún òmíràn. Ìgbà gbogbo ni a ní láti máa bi í.

Ta wá ni ó jẹ̀bi? Apẹja yóò wí pé, “Ebi ni ó ń pa mí, bí kò bá sí ẹni tí ó rà á, n kò ní pa á.” Onílé iṣẹ́ yóò wí pé, “Èmi kò da àwọ̀n. Ohun tí ènìyàn ń béèrè ni mo ń ṣe.” Ẹni tí ó ra ìpara yóò wí pé, “Èmi kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.” Báyìí ni olúkúlùkù yóò máa na ìka sí ẹnì kejì rẹ̀, títí ẹ̀ṣẹ̀ náà yóò fi dà bí ọmọ tí kò ní bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti dáhùn ọ̀ràn yìí tipẹ́tipẹ́: kì í ṣe ẹni tí ó gbé epo lájà nìkan ni ó jalè, ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un ni olè jùlọ. Ẹ̀bi tí a pín sí ọ̀nà mẹ́ta kì í di ìdá mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù yóò jíyìn gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ bá ti tó. Apẹja mọ ẹja náà dáadáa, ṣùgbọ́n àìní kò jẹ́ kí ó ní ọ̀nà púpọ̀ láti yàn. Onílé iṣẹ́ mọ ibi tí epo ti wá, ó sì ní agbára láti rà á níbòmíràn. Nítorí náà ẹrù rẹ̀ ni ó wúwo jù. Ẹni tí ó ra ìpara kò mọ púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ni ó ń gbé gbogbo ẹsẹ̀ yòókù rìn. Àìmọ̀ rẹ̀ lè gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbọ́, tí ó sì di etí rẹ̀ nítorí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, àìmọ̀ náà ti di ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ẹ̀gbẹ́ mìíràn ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ìkórè òkun ni ó rí bíi ti àkurákudà. Ní àwọn erékùṣù Bahamas, ohun abẹ̀mí kan wà ní ìsàlẹ̀ òkun tí ó ní ẹ̀ka bí igi, tí ó sì bá iyùn tan. Ní 1986, William Fenical àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn èròjà tí wọ́n rí nínú rẹ̀, tí ń mú kí ara tí ó wú rọlẹ̀. Àwọn èròjà náà wọ inú ìpara ojú tí Estée Lauder ń tà. Àwọn tí ń kórè rẹ̀ kì í fà á tu. Ẹ̀ka ni wọ́n ń rẹ́, wọ́n sì ń fi ìdí sílẹ̀ kí ó lè tún hù, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ ti ń já ewédú. Èyí dára. Síbẹ̀, ìbéèrè kan kù. Yunifásítì ti California, tí ó ni ẹ̀tọ́ lórí àwárí náà nígbà náà, ni ó gba owó lórí ọgbọ́n yìí. Omi Bahamas sì ni ohun náà ti hù. Èyí tí ó rí ọgbọ́n náà yẹ fún èrè, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹni tí ó ni omi kò yẹ fún nǹkan kan ju owó iṣẹ́ àwọn tí ń wẹ̀ lọ rẹ́ ẹ̀ka?

Ọ̀ràn náà ju Bahamas lọ. Nínú ìwádìí kan tí a gbé jáde ní 2018, a rí i pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, BASF ti ilẹ̀ Jámánì, ni ó ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo àkójọ àbùdá àwọn ohun abẹ̀mí òkun tí a ti fi òfin dáàbò bò fún èrè. Òkun tí gbogbo ayé jọ ni, ọgbọ́n inú rẹ̀ ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn díẹ̀ tí ó ní ọkọ̀ àti irinṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé, lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fi fẹnu kò sí àdéhùn kan ní 2023, pé èrè tí ó bá jáde láti inú àbùdá ohun abẹ̀mí apá òkun tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan, kí a pín in bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ. Àdéhùn kì í sọ ènìyàn di olódodo. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹni tí a rẹ́ jẹ ní ohun tí yóò tọ́ka sí.

Ohun kan tún kù tí n kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, òun sì ni òtítọ́. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sára ìgò ìpara ju ohun tí ó wà nínú ìgò lọ. Gba kọ́lájìn ẹja yẹ̀ wò. Lóòótọ́, kọ́lájìn ni ó ń mú kí awọ ara le, ó sì ń dín kù bí a ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ègé rẹ̀ tóbi ju ohun tí awọ lè gbà wọlé lọ. Ẹni tí ó fi pa ojú, tí ó ń retí kí ó wọ inú lọ rọ́pò èyí tí ó ti lọ, dà bí ẹni tí ó fẹ́ kí odidi iṣu gba ojú asẹ́ kọjá. Orí awọ ni yóò dúró sí, yóò sì dá omi ara dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n òrí tí ìyá àgbà ń fi para náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ń tètè sọ ojú di arúgbó, oòrùn tí ó pọ̀ jù àti sìgá mímu wà lára wọn. Fìlà àti ìkóra-ẹni-níjàánu kò sì wọ́n lọ́jà. Ẹni tí ó bá ta ohun rere kò nílò láti fi irọ́ kún un. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nísinsìnyí a dé ìdí ọ̀rọ̀. Kí ni ènìyàn ń sá fún tí ó fi ń lọ títí dé ibú òkun? Ogbó ni. Wo bí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó tó! Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ni a ń gbàdúrà fún ọmọ? Kì í ha ṣe pé kí ó dàgbà, kí ó hewú lórí, kí ó tẹ ọ̀pá, kí ó fi erìgì jẹ obì? A ń tọrọ ogbó lọ́wọ́ Ọlọ́run ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bá sì dé ní ìrọ̀lẹ́, a ń fi ìpara lé e padà. Ìlà tí ó wà lójú ìyá àgbà jẹ́ ẹ̀rí pé àdúrà tí a gbà fún un gbà.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, má ṣe fi èyí rẹ́rìn-ín àgbàlagbà tí ń fi ìpara pa ojú. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rí ohun tí ayé ń ṣe sí arúgbó. Ó rí i pé ní ibi iṣẹ́ a ń wá ọ̀dọ́. Ó rí i pé nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kò gbé ojú sókè mọ́. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ìwọ tí ojú rẹ ṣì ń dán bí ẹyin, bí o bá fi ọjọ́ orí ẹnì kan ṣe ẹ̀fẹ̀, bí o bá pe olùkọ́ rẹ ní “arúgbó yìí” lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ náà ti dá owó kún iye tí a fi ra ìgò náà. Ibi tí a bá ti ń bu ọlá fún àgbà, ìbẹ̀rù ìhunjọ ojú kì í pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gba àkurákudà là, ohun kan wà tí o lè ṣe lónìí láìná kọ́bọ̀: lọ jókòó ti bàbá bàbá rẹ, kí o sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin.

Lọ́jọ́ kan ìwọ yóò ní owó tìrẹ, ìwọ yóò sì dúró níwájú àtẹ. Nígbà náà, béèrè ohun mẹ́ta kí o tó nawọ́. Ibo ni èyí ti wá, ta ni ó sì jìyà kí ó tó dé ibí? Ǹjẹ́ òótọ́ ni ohun tí a kọ sí ara rẹ̀? Ṣé ara mi ni mo fẹ́ tọ́jú, àbí ọdún tí mo ti lò láyé ni ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́? Bí o bá rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ọkàn rẹ lọ́rùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, rà á, kí o fi para, kí ojú rẹ sì máa dán. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí. Bí o kò bá rí i, dá a padà sórí àtẹ, kí o sì bi ẹni tí ń tà á ní ìdí tí kò fi sí ìdáhùn. Ẹni kan tí ó béèrè kò lè tún òkun ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ń béèrè bá pọ̀, ẹni tí ń tà yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe é, ẹni tí ń ṣe é yóò sì wá ibòmíràn rà. Ọ̀nà yìí ni ìbéèrè ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lè gbà dé ìsàlẹ̀ ibú, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó.